Ara mi ò yá, mò ń ti ilé ṣiṣẹ́, ọkàn mi ò sì jẹ́ kí n sinmi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Ìkòròdù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nílé.

Ìkòròdù ni mò ń gbé, Victoria Island ni ibi iṣẹ́ mi wà, ẹ̀ka ìṣirò owó. Ọjọ́ mẹ́ta la máa ń lọ sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀, a máa ń ti ilé ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tó kù. Láti ọjọ́ Àìkú ni ọ̀finkìn ti mú mi, ọ̀fun ń dùn mí, ikọ́ gbígbẹ náà sì tẹ̀lé e. Kò dá mi dúbúlẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń rìn, mo wẹ̀ fáwọn ọmọ, mo sìn wọ́n dé ilé ìwé. Àmọ́ nígbà tí mo ro ti pé kí n jí ní aago mẹ́rin àbọ̀, kí n wọ bọ́ọ̀sì dé Kétu, kí n tún wọ òmíràn gba orí afárá Third Mainland dé Ọ̀bálẹ́ndé, kí n wá lọ jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù títí di ìrọ̀lẹ́, ara mi kọ̀ ọ́. Láàárọ̀ Ajé, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé ara mi ò yá, ṣé mo lè ti ilé ṣiṣẹ́ lónìí àti lọ́la. Ó ní, "Kò burú. Pẹ̀lẹ́."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kò parí. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ àná ni mo ti ń ṣe bí ẹni tó jalè. Bí mo bá dìde lọ mu omi, fóònù á wà lọ́wọ́ mi. Lónìí, ilé ìtọ̀ ni mo wà nígbà tí ọ̀gá kọ ọ́ sórí Teams, ibi tí a ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa lẹ́nu iṣẹ́, pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Mo sáré jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, mo dáhùn pé mo wà. Nọ́ńbà ìwé owó kan péré ló fẹ́ béèrè. Ní ìpàdé ọ̀sán, mo gbé fóònù ti agolo Milo, mo pa ohùn mi kí wọ́n má baà gbọ́ ikọ́. Nígbà tó yá, mo rò ó pé bóyá kí n tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n lè gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Ẹ gbọ́ irú èrò yẹn? Ikọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá lálẹ́, mo ṣì wà nídìí iṣẹ́, torí ó ń ṣe mí bíi pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì lónìí, òun náà ń wúkọ́. Ṣé ọ̀lẹ ni mí? Ṣé kí n lọ lọ́la bó ti wù kó rí?

Olùkọ́ Òṣogbo
Aago 9:52 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn, kí ẹ lọ sùn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì máa wà níbí láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn
Aago 10:15 alẹ́

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ara á le. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ara ká tó dé ti ọkàn.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀finkìn, ó sì máa ń ran ẹlòmíràn gan-an láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá wá jẹ́ èyí tó le, tí àwọn òyìnbó ń pè ní flu, ó lè ti máa ràn ní ọjọ́ kan kí ẹni tó ní in tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, títí di ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo bọ́ọ̀sì tí òjò ká mọ́nà, tí gbogbo èrò ti ti fèrèsé. Ẹ wo ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí. Aboyún lè wà níbẹ̀, bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè wà níbẹ̀. Ẹ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí ẹ ṣe jókòó sílé, ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ àìsàn ni. Ẹni tó ń wúkọ́ lọ síbi iṣẹ́ yẹn ò fi ìyẹn kára jù yín lọ.

Àmọ́ ẹ yẹ ara yín wò dáadáa kí ẹ tó pè é ní ọ̀finkìn lásán. Tí ara bá ń gbóná, tí òtútù ń mú yín, tí oríkèé ń ro yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ìka ni, èsì rẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Tó bá jẹ́ ibà ni, tí wọ́n sì fún yín ní artemether-lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹfà là ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ti àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹ fi oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀ tàbí mílíìkì lò ó kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara á ti yá ní ọjọ́ kejì, wọ́n á ju ìyókù sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó tán. Ọjọ́ tí ara bá ń gbóná kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rárá, ìbáà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ń bì tí oògùn ò dúró nínú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Oògùn ọ̀finkìn náà: paracetamol oní-500mg, àgbàlagbà kó má lò ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí oògùn kátà tí ẹ rà, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni paracetamol ti wà nínú rẹ̀. Piriton máa ń kun èèyàn lóorun, ẹni tó bá lò ó láàárọ̀ kó jìnnà sí ìṣirò owó. Ampiclox, tó jẹ́ oògùn tó ń pa bakitéríà, ò lè rí nǹkan kan ṣe sí ọ̀finkìn. Omi gbígbóná, atalẹ̀, oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ á tu ọ̀fun yẹn lára.

Ọ̀gá Kékeré Yábàá
Ọjọ́rú, aago 6:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìhà ti ọ̀gá.

Kò sí ìgbà tí mo bínú rí torí pé ẹnì kan sọ pé ara òun ò yá. Ohun tó ti dà mí láàmú rí ni ìdákẹ́, àti ìlérí tí kò ní ṣẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo bi í bí ara ṣe rí, ó ní, "Mo wà dáadáa, sà." Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oníbàárà pè mí pé òun ò tíì rí iṣẹ́ òun. Bí mo ṣe pe ọmọ náà, ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ojú ló ń tì í láti sọ fún mi pé òun ò lè dá a ṣe. Bó bá sọ ọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ǹ bá ti pín in fún ẹlòmíràn.

Torí náà, ẹ máa kọ nǹkan tó dájú ránṣẹ́. Irú èyí: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ọ̀finkìn ló mú mi, ara mi ò gbóná. Mo lè parí ìwé owó tó wà nílẹ̀ kó tó di aago méjì. Ọ̀fun ò ní jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ nípàdé, màá kọ tèmi ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ ìparí oṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di Ọjọ́bọ̀. Màá fẹ̀yìn lélẹ̀ láti aago kan sí aago kan àbọ̀." Ẹ má yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrò. Tí wọ́n bá pè yín ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti mọ ibi tí ẹ wà, ẹ ò ní sáré jáde nílé ìtọ̀.

Ọ̀gá yín sì ti ní "Kò burú." Ohun tí èèyàn ti gba àṣẹ rẹ̀, kò yẹ kó tún máa fi òru san án. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fọwọ́ ti eku kọ̀ǹpútà síwá sẹ́yìn kí iná àwọ̀ ewé tó ń fi hàn lórí Teams pé èèyàn wà nídìí iṣẹ́ má baà kú. Kò sí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí iná ń tàn. Iṣẹ́ tó wọlé là ń kà.

Aránṣọ Ṣágámù
Aago 7:05 àárọ̀

Ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà láti ọdún pípẹ́, inú yàrá iwájú. Ẹ̀yin ọmọ ọ́fíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun tí ojú wa ti rí.

Ọjọ́ tí ara mi ò bá yá, mi ò kì í mú sísọ́ọ̀sì. Oníbàárà ìbáà gbé léèsì tó wọ́n jù lọ wá, kó ní ọ̀la ni òun ń lọ sóde, mi ò ní gé e. Aṣọ tí èèyàn bá ti gé kúrú, kò sí ẹni tó lè so ó padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní sùn títí ilẹ̀ á fi ṣú náà. Màá ká etí aṣọ, màá rán bọ́tìnì mọ́ ọn, màá tú ìrán tí kò tọ́, màá ṣa òwú síbi tó yẹ. Tó bá rẹ̀ mí, màá na ẹ̀yìn lórí àwọn àpò aṣọ, màá tún dìde. Ní ìrọ̀lẹ́, èèyàn á rí i pé nǹkan ti kúrò nílẹ̀, kò sì ní sí aṣọ oníaṣọ tó bà jẹ́.

Mi ò mọ iṣẹ́ yín, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ èwo ló jẹ́ sísọ́ọ̀sì níbẹ̀ àti èwo ló jẹ́ bọ́tìnì.

Akọ̀wé Owó
Aago 7:48 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti fò sókè, ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn wá ní ká máa ti ilé ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ojú àánú ni gbogbo wa fi wò ó. Lọ́sẹ̀ kejì, ibà gbé mi. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ti ṣàánú mi tó, mi ò tún lè wá sọ pé ara mi ò yá. Mo da aṣọ bora, mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, òógùn ń bọ́ sórí àwọn bọ́tìnì rẹ̀. Mo san owó ẹni tó ń kó ọjà fún wa, mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún àbọ̀ náírà. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo tún rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, mi ò rántí pé mo ti san án. Mo tún san án.

Ọjọ́ kọkànlá ni owó tó padà wọlé. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, mi ò lè jẹun. Ẹni tó wà lókè mi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Mi ò rí èsì fún un títí dòní. Láti ìgbà náà, bí ara mi bá gbóná, mi ò ń fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Màá dáhùn lẹ́tà, màá to fáìlì.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdù
Aago 8:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ara ò gbóná, mo ti wọ̀n ọ́n. Mi ò lọ sí ọ́fíìsì. Mo ti kọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí Ọ̀gá Kékeré júwe, mo ń dúró de èsì.

Nǹkan méjì ṣì kù. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ti rí mi nílé, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn ṣa ẹ̀wà, kí n dúró de ẹni tó ń gbé gáàsì bọ̀, kí n lọ mú àwọn ọmọ ní aago kan. Mi ò lè kọ̀, mi ò sì lè ṣe méjèèjì. Èkejì: ṣé òfin tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ àìsàn lẹ́nu iṣẹ́?

Ará Abẹ́òkúta
Aago 8:41 àárọ̀

Ti ilé yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. "Ṣebí ilé lo wà" ni wọ́n máa ń wí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́ mi ni mo máa ń fi kọ́ ọrùn, àní tó bá jẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀ pé bí káàdì bá wà lọ́rùn dádì, dádì ò sí nílé. Bí mo bá bọ́ ọ, mo ti dé nìyẹn. Ìyá mi wá kí wa nígbà kan, ó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún aládùúgbò wa lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ó wà níbi iṣẹ́, ẹ padà wá tó bá di aago mẹ́rin." Inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Fún ọjọ́ tí ara ò bá yá, mo fi ọ̀kan kún un: mo máa ń sọ fún ìyàwó mi lójú gbogbo ilé pé ara mi ò yá. Tí èèyàn bá fi àìsàn pamọ́ fún ará ilé, wọn ò lè mọ̀ pé kí wọ́n má rán an níṣẹ́. Ẹ sọ fún Màmá, Ìyá Ìbejì. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù. Àwọn gan-an ló máa fi ata pa ọbẹ̀ gbígbóná fún yín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́
Aago 9:10 àárọ̀

Ní ti òfin: abala 16 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ láǹfààní ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan tí yóò fi gba owó rẹ̀ nígbà tí àìsàn bá dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́rìí sí i. Ẹ kíyè sí i o: àwọn tí òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́ ni ẹni tó ń fi agbára ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé. Àwọn alábòójútó àti onímọ̀ iṣẹ́ ò sí lábẹ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn ni yóò sọ ọ́. Torí náà ẹ lọ yọ lẹ́tà yẹn nínú àpótí, kí ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ wa ló fọwọ́ sí i láìkà ju ibi tí iye owó oṣù wà lọ.

Ọmọ Èkìtì ní Leeds
Aago 9:33 àárọ̀

Ní ìlú ọba níbí, bí àìsàn ò bá kọjá ọjọ́ méje, tó fi mọ́ òpin ọ̀sẹ̀, èèyàn fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́rìí fún ara rẹ̀, kò nílò ìwé dókítà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò gbà pé wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ èèyàn gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń wá ẹni tí yóò fi òǹtẹ̀ lù ú fún mi kiri.

Ohun kan wà nínú ìwé dókítà wọn tó yí èrò mi padà. Títí di oṣù kẹrin ọdún 2010, ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé kí ẹni yìí má ṣiṣẹ́, tàbí pé kò sídìí tí kò fi ní ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, wọ́n fi ibì kan kún un tí dókítà lè sàmì sí pé ẹni yìí lè ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá dín nǹkan kù fún un: kó máa pẹ́ wọlé díẹ̀, kí wọ́n yí iṣẹ́ tó ń ṣe padà, kí wákàtí rẹ̀ kéré sí i. Mo jókòó, mo ń wo ibi tí wọ́n sàmì sí yẹn. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọ̀nà méjì ló wà: o dùbúlẹ̀ àìsàn, tàbí o dìde ńlẹ̀. Ẹni tó lè dìde dé ìdí ìkòkò ẹ̀kọ, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn. Kò sí orúkọ kankan fún ẹni tó wà láàárín. Àárín yẹn gan-an ni Ìyá Ìbejì wà báyìí, tó ń wá orúkọ tí yóò pe ara rẹ̀, tó sì jẹ́ pé "ọ̀lẹ" nìkan ló rí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston
Aago 2:15 ọ̀sán

Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tó ní kí iléeṣẹ́ aládàáni sanwó fún ẹni tí ọ̀finkìn mú. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. California fọwọ́ sí wákàtí 40, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún, láti oṣù kìíní ọdún 2024. Texas tí mo wà ò ní irú ẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi, inú àpò kan náà ni ọjọ́ àìsàn àti ọjọ́ ìsinmi wà. Ọjọ́ tí mo bá fi tọ́jú ikọ́, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ tí mo fẹ́ fi wá wo ìyá mi ní Ọ̀yọ́ lóṣù Ọ̀pẹ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ti ilé ṣiṣẹ́ nígbà tí ara mi ò bá yá tán. Mi ò ní pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn, mo ṣe é títí ikọ́ fi di nǹkan tó gbé mi dé ilé ìwòsàn, àwọn ọjọ́ tí mo ń tọ́jú pamọ́ sì lọ síbẹ̀ lápapọ̀.

Àgbà Iléṣà
Aago 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ ọba kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ọkàn tó ń dáni lẹ́bi kò burú ní tirẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dá lẹ́bi rárá, ẹ má fi owó yín sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi í léèrè ohun tó ń sọ gan-an. Èmi rántí ọdún kan tí mo purọ́ fún ọ̀gá mi pé ara mi ò yá, kí n lè lọ síbi ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí Ọlọ́run wò mí sàn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, inú rírun mú mi lóòótọ́, mo fi ara yẹn rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, torí pé mo ti ná òótọ́ mi tán. Ọkàn mi ò bá mi wí lórí inú rírun. Irọ́ ìjọ́sí ló ń rán mi létí. Mo lọ bá ọ̀gá náà, mo jẹ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó sùn.

Ìyá Ìbejì, èdè wa ní "ó rẹ̀ mí" fún ẹni tó ti oko dé àti fún ẹni tí nǹkan ń ṣe. Bí ìyá mi bá sọ ọ́ nígbà tí a wà ní kékeré, a kì í mọ̀ bóyá ká gbé àpótí fún wọn jókòó ni tàbí ká lọ pe bàbá wa. A máa ń béèrè ni. Kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín máa béèrè, kí ẹ̀yin náà sì máa dáhùn.

Olùkọ́ Òṣogbo
Aago 6:12 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ látàárọ̀ láàárín ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ 46 ló wà ní kíláàsì mi, mi ò lè ti ilé kọ́ wọn. Bí ohùn mi bá lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ, màá kọ̀wé sójú pátákó, ọmọ kan á máa kà á sókè.

Mi ò kọ èyí kí Ìyá Ìbejì lè ro ara rẹ̀ pin. Bí ẹ bá lọ fi ọ̀finkìn jókòó ní Victoria Island, kò ní dá ohùn mi padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́fíìsì, ẹ wo ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ẹ wo ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣí géètì. Wọn ò lè ti ilé ṣí géètì. Lọ́jọ́ tí ikọ́ bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lókè, kí wọ́n má yọ owó ọjọ́ yẹn. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdù
Ọjọ́bọ̀, aago 12:50 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Ikọ́ ti ń rọlẹ̀. Ọ̀gá mi dáhùn lánàá pé, "O ṣeun tí o jẹ́ kó yé mi," ó sì gbé àkọsílẹ̀ ìparí oṣù sí ọjọ́ Ẹtì. Mi ò san owó kankan jáde, ẹlòmíràn ló bá mi ṣe é. Bọ́tìnì nìkan ni mo rán mọ́ aṣọ. Káàdì wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Màmá sè ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, wọ́n ní kí ni mò ń fi pamọ́ fún àwọn láti ọjọ́ Àìkú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àgbà Iléṣà ò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀ lóru àná. Mo bi ọkàn mi léèrè bí wọ́n ṣe wí. Mi ò purọ́ àìsàn rí. Ohun tí mo rí nìyí: lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wà ní ẹ̀ka wa tó máa ń gba ààyè láti ti ilé ṣiṣẹ́ torí orí fífọ́. A máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí oúnjẹ ọ̀sán, èmi náà sì wà níbẹ̀. Mo ní, "Ṣé orí tiwa kì í fọ́ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ajé, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Mò ń bẹ̀rù pé wọ́n jókòó nídìí oúnjẹ báyìí, wọ́n ń sọ ohun tí mo sọ.

Mo pè é lórí fóònù ní aago mẹ́wàá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun mọ̀, ẹnì kan ti sọ fún òun nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú orí fífọ́ láti oṣù kẹta. Ó ní iná ọ́fíìsì yẹn máa ń gún òun lójú bí abẹ́rẹ́. A ti jọ sọ ọ́ pé a ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n gbé tábìlì rẹ̀ kúrò lábẹ́ iná náà, kó sì lè máa ti ilé ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wò ó bákan. Màá lọ fúnra mi, tí ikọ́ bá ti lọ tán.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn
Aago 1:04 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi. Aago kan ti lù o. Ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.